Kìlómítà Alága

Irọ́ kan wà tí àwọn asáré máa ń pa fún ara wọn, tó jẹ́ pé mo rò pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ máa ń mójú kúrò níbẹ̀. Bí èémí ẹnì kan bá fẹ́ pin lójú ọ̀nà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bí irin, ẹni tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ní, "Ó kù díẹ̀." Kò kù díẹ̀ rárá. Àwọn méjèèjì ló sì mọ̀. Síbẹ̀, ẹni tó ti rẹ̀ á gbé ẹsẹ̀ kan, á tún gbé òmíràn, wọ́n á sì débi tí wọ́n ń lọ. Irọ́ kékeré yẹn, tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi rí, ló bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ kó bọ́ sí. Ó dàgbà, ó gba oyè, wọ́n sì bá a ri òpó mẹ́wàá mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Akọ̀wé. Kó tó di Akọ̀wé, òṣìṣẹ́ lásán ni ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe títì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ti kẹ̀kẹ́ ìwọ̀n kiri, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ní ọ̀pá gígùn, tó máa ń dún "tá" nígbàkigbà tó bá ti yí mítà kan. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tó ti ń tì í. Kò sí òpópónà kan nílùú tí kò mọ gígùn rẹ̀ bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, tí kì í fẹ́ kí ojú ti ẹnikẹ́ni níwájú òun. Ìwà yìí dára nínú ilé. Níwájú ìjọba, ewu ni.

Láàárọ̀ kùtùkùtù, kó tó lọ síbi iṣẹ́, òun àti àwọn bí ogójì máa ń sáré. Kò sẹ́ni tó dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Wẹ́dà wà lára wọn, ọkùnrin tó ń jó irin pọ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Nọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀, tó máa ń ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ bọ́ sójú ọ̀nà. Òfin kan péré ni wọ́n ní, wọn ò sì kọ ọ́ síbì kankan: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn lọ bá ẹni tó kẹ́yìn, kí wọ́n jọ wọlé.

Ẹni tó sábà máa ń kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, aránṣọ, obìnrin tó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀ ọdún méjì gbáko rí. Nígbà tí dókítà ní kó máa rìn, ẹnu ọ̀nà aládùúgbò ló kọ́kọ́ rìn dé, ó sì sunkún padà wálé. Lẹ́yìn oṣù kan, ó dé ìkóríta. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ń sáré. Lọ́dún tó kọjá, ó forúkọ sílẹ̀ fún eré ìje ìlú, kìlómítà mẹ́wàá ní wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò sáré rí, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé ọkọ̀ akẹ́rù kan máa ń tẹ̀ lé irú eré bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n àkókò tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹni tí ọkọ̀ náà bá ti kọjá, eré rẹ̀ ti tán. Á gun ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe kó ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé wọ pápá nìyẹn, láàárín àga oníke àti ìgò omi tó ti ṣófo, lójú àwọn èèyàn tó ń ránṣọ fún. Obìnrin kan tó wá gba síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì kí i pé, "Ẹ kú ọkọ̀ o."

Kò bínú. Ó fún un ní síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ pápá kí ọkọ̀ yẹn tó bá a.

Báyìí ni nǹkan rí nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ìlú gbọ́ pé ogójì èèyàn ń ṣe nǹkan láràárọ̀ láìní alága. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìjọba kì í lè sùn tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n yan ọkùnrin kan tó ti fi ọdún mọ́kànlá ṣọ́ yàrá tí wọ́n ń kó bébà sí, wọ́n sì fún un ní ìwé, ọkọ̀ tó ní gbohùngbohùn lórí, àti oyè. Oyè náà ni Alága Pátápátá fún Ọ̀rọ̀ Eré Sísá, Ìrìn Kíákíá àti Gbogbo Ohun Tó Jọ Mọ́ Ẹsẹ̀. Ó fẹ́ràn oyè yìí débi pé lẹ́tà tí kò bá ko gbogbo rẹ̀ síwájú, ẹ̀yìn ló máa ń gbà padà, láìtú. "Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí," á ní, "kò sí ní ọ́fíìsì yìí."

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ yọ sójú ọ̀nà, wọ́n ti lọ aṣọ eré rẹ̀ títí tí ìlà fi yọ níwájú sòkòtò. Fèrè aláwọ̀ wúrà wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló tẹ̀ lé e: ọ̀kan gbé tówẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan gbé agbòjò, ẹnì kẹta, tí wọ́n ń pè ní Igbákejì, kò gbé nǹkan kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ ogun ẹsẹ̀ mi," Alága bẹ̀rẹ̀, "kí n tó dé, ẹ ń sá. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ń sá? Ewúrẹ́ náà ń sá. Ohun tó ya èèyàn sọ́tọ̀ sí ewúrẹ́ ni àbójútó. Èmi ni àbójútó yín. Láti òní lọ, bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ mọ̀ pé mo fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá gbé tòsì, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò."

Igbákejì pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pupa. Ọ̀rọ̀ náà gba ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Lẹ́yìn náà, Alága fun fèrè, ó sì fi eré sí i bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ní bí igba mítà, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ní irínwó, ó ti tu fèrè jù sílẹ̀. Ní ẹgbẹ̀ta, ó dì mọ́ igi kan létí ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìlà sòkòtò ti lọ pátápátá. Ogójì èèyàn dúró tì í. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ fún alága tó ń kú lọ.

"Mélòó la ti sá?" ló béèrè.

Àánú ṣe ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ ìwọ̀n. Ó mọ̀ pé ẹgbẹ̀ta mítà ni, kò lé kan, kò dín kan. Ṣùgbọ́n ó wo ojú àgbàlagbà yìí, ó sì rí i pé bí òun bá sọ ọ́, ìtìjú á pa á níbẹ̀. "Ó ti pé kìlómítà kan, ọ̀gá," ló wí.

Alága jáwọ́ kúrò lára igi. Àwọ̀ padà sójú rẹ̀. "Ta ni ọkùnrin yìí?"

"Ó ń wọn ọ̀nà ni, ọ̀gá."

"Òun ni Akọ̀wé mi. Ẹ ri òpó mọ́bí. Ẹ kọ 'kìlómítà kìíní' sí i lára, kí ẹ lẹ àwòrán mi mọ́ òkè rẹ̀."

Bó ṣe di Akọ̀wé nìyẹn. Ẹ má bú u jù. Ẹni tó bá ti pe ẹgbẹ̀ta mítà ní kìlómítà kan, kò tún lè pe èkejì ní ẹgbẹ̀rún kí èèyàn má béèrè ìdí. Nítorí náà, ìkejì jọ ìkínní, ìkẹta jọ wọn, títí òpó mẹ́wàá fi dúró láti ẹnu géètì ọ́fíìsì Ìgbìmọ̀ dé iwájú ṣọ́ọ̀bù agẹrun kan. Kìlómítà mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀. Àwòrán Alága mẹ́wàá ló ń wo ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín nínú gbogbo wọn.

Sátidé ni Alága máa ń sá eré tirẹ̀. Á fi ẹsẹ̀ dé òpó kejì, láti ibẹ̀ á wọ ọkọ̀ "láti lọ yẹ ọ̀nà wò", á tún sọ̀ kalẹ̀ ní òpó kẹsàn-án, á sì sáré wọlé lábẹ́ agbòjò. Igbákejì á ka àkókò rẹ̀ jáde lórí gbohùngbohùn. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, Alága ti ń yára ju gbogbo ẹni tó ń gba àmì ẹ̀yẹ lágbàáyé lọ, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú wọn. "Àwọn yẹn gbìyànjú," á ní, "wọn ò kàn ní ẹni tó máa yẹ ọ̀nà wò fún wọn ni."

Òfin wá ń rọ́ jáde bí omi ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya Alága sílẹ̀, àfi tí Alága bá wà nínú ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ padà sẹ́yìn lọ bá ẹnikẹ́ni, nítorí iwájú ni ìjọba ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ "ó kù díẹ̀" fún ẹnì kejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú, kó sì sọ ibi tó ti fẹ́ sọ ọ́. Tí wọ́n bá sì dé òpó kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn pa ohùn pọ̀, kí wọ́n wí pé, "Kò rẹ Alága, ọ̀nà ló rẹ̀." Wọ́n ń wí i. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Nọ́ńbà tí èèyàn máa lẹ̀ máyà fún eré ìje ìlú, ọwọ́ Alága ló wà.

Wẹ́dà ló kọ́kọ́ kó sínú wàhálà. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun fi aago kan ránṣẹ́ sí i, irú èyí tó máa ń ka bí èèyàn ti sáré tó. Ní Sátidé kan, nígbà tí Igbákejì kéde kìlómítà mẹ́wàá, Wẹ́dà wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Mẹ́fà ni tèmi kà."

Ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta kalẹ̀. Wọ́n gbé aago sórí tábìlì, Alága jókòó níwájú rẹ̀.

"Aago yìí," ni Alága wí, "ṣé ọmọ ìlú yìí ni?"

"Rárá, ọ̀gá," Igbákejì dáhùn. "Wọ́n fi ránṣẹ́ ni."

"Ṣé ó wà níbẹ̀ nígbà tí a ri òpó?"

"Kò sí níbẹ̀, ọ̀gá."

"Nítorí náà, gbọ́yìísọ̀yí ni."

"Alága, aago ni," Wẹ́dà wí. "Kò ní ẹnu."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Kò ní ẹnu, ó sì ń ta ko ìjọba. Bó bá wá ní ẹnu ńkọ́?"

Wọ́n dá aago náà lẹ́bi. Wọ́n tì í mọ́ dúrọ́ọ̀ tábìlì títí tí yóò fi ronú pìwà dà. Ní wákàtí wákàtí, á dún fínín nínú dúrọ́ọ̀, Alága á sì sọ fún àlejò pé ẹlẹ́wọ̀n kan ló ń bẹ̀bẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé pè é sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Kò gbé ojú kúrò lára aṣọ tó ń rán.

"Àbúrò, ìwọ lo wọn ọ̀nà yẹn. Ṣé mẹ́wàá ni?"

Ìgbà yẹn ló yẹ kó sọ ọ́. Èmi tí mò ń ròyìn fún yín, inú bí mi sí i níbí. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí òun bá jẹ́wọ́, Alága á gba nọ́ńbà lọ́wọ́ obìnrin yìí, iṣẹ́ òun náà á lọ. Ó ní, "Mẹ́wàá ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó tán. Aago lè ṣìṣe. Ọmọ ìyá mi ò ní purọ́ fún mi." Ó tẹ ẹ̀rọ, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Akọ̀wé kò lè jẹ oúnjẹ tó gbé fún un.

Eré ìje wá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó ń ṣètò rẹ̀, tí wọ́n ń bọ̀ láti ìlú mìíràn, kọ lẹ́tà sí Alága pé láti ẹnu géètì ọ́fíìsì ni wọ́n ti máa gbéra, pé inú pápá ìlú ni wọ́n máa fa ìlà òpin sí. Ó ṣe ni láàánú pé "Alága Eré Sísá" ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Lẹ́tà padà láìtú. Alága wá kéde fúnra rẹ̀ pé òpó kẹwàá ni òpin, níwájú ṣọ́ọ̀bù agẹrun, ibi tí kìlómítà mẹ́wàá parí sí láti ọjọ́ tí a ti dá ayé. Pápá wà fún gbígba àmì ẹ̀yẹ nìkan. Olórí Ìgbìmọ̀ Ìlú máa wà níbẹ̀, yóò sì sọ ẹni tó máa di olórí eré ìdárayá fún gbogbo agbègbè. Alága ti ra bàtà fún ipò náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré, Akọ̀wé gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá. Ó rí àwọn àlejò tí wọ́n ń fi ọ̀dà funfun fa ìlà sórí ilẹ̀, kẹ̀kẹ́ ìwọ̀n bíi tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò nílò kó béèrè nǹkan kan. Láti òpó kẹwàá dé ibẹ̀, kìlómítà mẹ́rin ni. Ó sáré lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Obìnrin náà ń rán nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ aṣọ, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn lọ́nà tí Akọ̀wé kò tíì rí láti ìgbà àìsàn.

"Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀," ló wí. "Àádọ́ta ìṣẹ́jú ni mo fi ń sá mẹ́wàá rẹ báyìí. Láti òpó kẹsàn-án, màá tú gbogbo agbára tó bá kù nínú mi sílẹ̀, mi ò ní ṣẹ́ kankan kù. Kí ọkọ̀ yẹn lọ kó ẹlòmíì." Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Bí kì í bá ṣe òpó rẹ wọ̀nyẹn, àbúrò, ǹ bá ti sinmi. Mo máa ń wò wọ́n pé, ó tì, ọ̀kan ṣì wà níwájú."

Akọ̀wé la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Ó kù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Ó lọ sílé, ó sì kórìíra ara rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Wọ́n yìnbọn eré. Alága fi ẹsẹ̀ dé òpó kejì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ gbohùngbohùn lọ yẹ ọ̀nà wò, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní òpó kẹsàn-án. Akọ̀wé ló ń di gbohùngbohùn mú sí i lẹ́nu, nítorí Alága ti pàṣẹ pé kí gbogbo ọ̀rọ̀ òun máa dún ní pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sí ẹnì kankan níwájú rẹ̀. Ó sáré dé òpó kẹwàá, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, agẹrun jáde pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́ láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Mo ti dé," Alága wí sínú gbohùngbohùn. "Níbo ni ìlà wà?"

Ìlà kò sí. Rìbọ́ọ̀nù kò sí. Kò sí nǹkan kan níwájú ṣọ́ọ̀bù náà ju àga méjì àti irun tí wọ́n gbá jọ. Kò pẹ́ sígbà náà, àwọn asáré tó yára jù lọ yọ, wọ́n kọjá fẹ́ẹ́, wọn ò tilẹ̀ wò ó.

"Ẹ dúró," Alága ké sí wọn. "Ẹ ti kọjá òpin. Ojúkòkòrò wo lèyí?" Ó yíjú sí Akọ̀wé. "Wọ́n ti gbàgbé ìlà sí pápá. Àìlétò ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní pápá, ẹ̀ ń gbọ́ mi. Ẹ ká ìlà yẹn nílẹ̀, kí ẹ gbé e wá bá mi níbí. Mo ti parí, mo ń dúró dè é."

Ó jókòó sórí àga agẹrun, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Bí asáré bá ti ń kọjá, Igbákejì ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé àwọn tó ṣàṣejù.

Ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta ti pé kí ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé tó yọ. Ó ti tú agbára rẹ̀ sílẹ̀ láti òpó kẹsàn-án bó ti ṣèlérí. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń gbọ̀n. Ó fọwọ́ kan òpó kẹwàá, ó dúró, ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó rí ẹ̀yìn àwọn tó ṣì ń sá lọ níwájú. Lẹ́yìn rẹ̀, lójú ọ̀nà tó ti gbà wá, imú ọkọ̀ akẹ́rù yọ ní kọ́nà.

"Àbúrò," ló wí, "ṣé ibí ni?"

"Ibí ni," Alága dáhùn. "Akọ̀wé, sọ fún un. Jẹ́rìí fún gbogbo pápá pé mẹ́wàá pé níbí."

Akọ̀wé wo gbohùngbohùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé ẹni tó pa irọ́ náà ló máa fẹnu ara rẹ̀ sọ òtítọ́ ọ̀hún.

"Ibí kọ́ o, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, ohùn rẹ̀ sì dún dé pápá. "Mẹ́fà ni. Ó ku mẹ́rin. Èmi ni mo gé e. Ẹgbẹ̀ta mítà ni mo pè ní kìlómítà, nítorí pé ibẹ̀ ni èémí Alága tán sí lọ́jọ́ kìíní, tí mi ò fẹ́ kí ojú tì í. Ẹ̀yin lẹ wá ń jìyà rẹ̀."

Alága dìde. "Kò rẹ Alága," ló wí, "ọ̀nà ló—" Igbákejì gbé ọwọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́, ó rò ó, ó tì í bọ àpò.

Obìnrin náà kò wo Alága rárá. Àbúrò rẹ̀ ló ń wò, omi sì wà lójú rẹ̀. "O wo ojú mi," ló wí, "o sì sọ fún mi pé mẹ́wàá ni."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ dárí jì mí."

"Àyè rẹ̀ kọ́ nìyí. Mélòó ló kù? Èyí tó jẹ́ òótọ́."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin mítà, kò lé kan, kò dín kan."

Ó nu ojú rẹ̀ nù. "Ṣíwájú mi," ló wí. Akọ̀wé gbé gbohùngbohùn lé agẹrun lọ́wọ́, wọ́n sì lọ.

Ọkọ̀ akẹ́rù dé iwájú ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Awakọ̀ ní kí Alága gun ẹ̀yìn, nítorí pé ọkọ̀ ti bá a. Alága kọ̀. Ó ní òun ti parí. Nígbà tó gbọ́ pé pápá ni ọkọ̀ ń lọ, ibi tí àmì ẹ̀yẹ wà, ó gùn ún, ó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ agẹrun, ó dúró láàárín àwọn àga oníke bí ẹni tó ń yẹ àwọn ọmọ ogun wò. Ó rí obìnrin kan àti ọkùnrin kan níwájú, bí ọgọ́rùn-ún mítà sí wọn.

"Awakọ̀, kọjá wọn. Wọ́n ń dúró dè mí."

"Alága, èmi kọ́ ni mò ń wa ọkọ̀ yìí," awakọ̀ dáhùn. "Àkókò ni."

Níwájú, Akọ̀wé ń ṣe iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. "Ilé aláwọ̀ ewé yẹn, ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti irínwó." Obìnrin náà ń mi orí. "Gọ́tà yìí, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta géérégé." Lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́ rìn, Akọ̀wé sì fẹ́ sọ pé ó kù díẹ̀. Ó gbé e mì. "Ó ku ẹgbẹ̀rún méjì. Ó pọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Òkè kan ṣì wà níbẹ̀."

"Ó dáa kí n mọ̀," ló wí, ó sì tún ń sá.

Orí òkè yẹn ni Wẹ́dà àti Nọ́ọ̀sì ti pàdé wọn. Àwọn méjèèjì ti parí eré tiwọn, wọ́n sì ti sáré padà sẹ́yìn láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, Wẹ́dà bọ́ sí òsì. "Ẹ má wẹ̀yìn," Nọ́ọ̀sì wí. "Ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ máa gbọ́." Ẹ̀yìn tí wọ́n ní kó má wò, ariwo ń bọ̀ níbẹ̀. Alága ń ka ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tó ti kọ sílẹ̀, fún ipò tí wọn kò tíì fún un.

Ní pápá, wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: àṣẹ pé kí ìlà dìde kó wá bá Alága, ìjẹ́wọ́ Akọ̀wé, gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ti rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Olórí Ìgbìmọ̀ Ìlú kò rẹ́rìn-ín, nítorí òun ló fọwọ́ sí yíyàn ọkùnrin náà, ó sì mọ̀ pé ẹ̀rín tó bá pẹ́ jù nílẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ òun. Ó gba gbohùngbohùn. "Láti òní lọ," ló wí, "ẹsẹ̀ kò ní alága mọ́. Kí kálukú máa ṣe alága tirẹ̀." Òun nìkan ni ọ̀rọ̀ ìṣèjọba tó kúrú tí wọ́n gbọ́ nílùú yẹn rí.

"Igba mítà," Akọ̀wé wí ní ẹnu ọ̀nà pápá. Ọkọ̀ akẹ́rù ti dé ẹ̀yìn wọn débi pé ooru rẹ̀ ń kan wọ́n lẹ́sẹ̀. "Ọgọ́rùn-ún. Àádọ́ta. Ẹ gbé e, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé e." Aránṣọ náà gbé e. Ó kọjá ìlà funfun, ó sì tún sá mítà mẹ́ta sí i kó má baà ní àríyànjiyàn nínú.

Ọkọ̀ wọlé tẹ̀ lé e. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín, Alága sì dúró ṣinṣin láàárín àwọn àga, ó ń juwọ́ sí wọn lápá ọ̀tún, ó ń juwọ́ lápá òsì, ó ń tẹríba. Wọ́n ní títí di òní, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé òun kò rí ibi tí wọ́n ti yọ̀ mọ́ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n dá a padà sí yàrá bébà.

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé dúró, ọwọ́ lórí orúnkún, títí èémí rẹ̀ fi wálẹ̀. Àbúrò rẹ̀ dúró síwájú rẹ̀, kò mọ ibi tó máa kọjú sí.

"Ṣé mẹ́wàá ni?" ló bi í.

"Mẹ́wàá ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ta ló wọ̀n ọ́n?"

"Èmi kọ́."

Ìgbà náà ló tó gbà á gbọ́, ó jókòó sórí koríko, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ayọ̀.